Fódà Tí Ẹ̀rọ Ń Tún Ṣe

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní Yábà, mò ń dúró de sálúbàtà mi, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan kọjú sí obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe áàpù fóònù.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo tún kámẹ́rà áàpù yìí ṣe, tó tún bàjẹ́. Aago méjì ni kọ́sítómà ń bọ̀ wá wò ó."

"Ibo lo ti ń tún un ṣe?"

"Nínú fódà Android."

"Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Fáìlì ètò kan ṣoṣo làwa kọ. Òun ni ẹ̀rọ ń wò tó fi ń ṣe fódà Android àti ti iPhone. Gbogbo ìgbà tó o bá ní kó kọ́ áàpù, á da ti tẹ́lẹ̀ nù, á ṣe tuntun. Ohun tó o fọwọ́ kọ síbẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

"Ẹ̀rọ sọ fún ẹ. Ó wà lókè fáìlì tó ò ń tún ṣe yẹn gan-an: 'Ẹ má fọwọ́ kàn án.'"

"Mo rí i, mà. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Ó ń padà wá ni. Mo ṣebí olóríkunkun ni ẹ̀rọ náà ni."

Obìnrin náà wò ó, ó tún wo kọ̀ǹpútà orí itan rẹ̀.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni olóríkunkun?"