Aláṣè Tó Gbé Egungun Wá

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn aláṣè burúkú tó gbé egungun síwájú ẹ̀gbọ́n mi láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Irọ́ ni ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló parọ́ fún yín o. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó tì wọ́n tí wọ́n ń sọ ọ́, níbi ìgbéyàwó, nínú ọkọ̀, lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, tí mo ń mi orí, tí mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò tiẹ̀ tó ogún ọdún kí ọwọ́ tó bà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí tí ahọ́n mi ṣì ń yí, torí dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé bí àìsàn tó ṣe mí yìí bá padà wá, ó ṣeé ṣe kí n má lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Aránṣọ ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn lẹ bọ́ sí nígbà tí ẹ dáyé. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í tọ́ omi ẹran wò. Ìkòkò tí ẹnikẹ́ni bá ti fi se ẹran, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ní ọdún kan, aboyún mẹ́ta kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín oṣù kan ṣoṣo. Wọ́n délé, wọ́n ti àwo ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ti rí ikú tó, kí ohunkóhun má tún kú nítorí ọ̀fun àwọn. Ó parí síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, ó máa ń fi wọ́n ṣeré pé ká lọ já ewé wá fún ewúrẹ́ wa. Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó kéré tán, ewúrẹ́ kì í ní ẹ̀jẹ̀ ríru bíi tiẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìlú tí mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, mo gbọ́ èdè wọn, mo sì ti fi ìlú náà yangàn débi pé bí ìlú bá ń tijú, ojú ì bá tì í. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má wulẹ̀ di oúnjẹ kankan sínú ẹrù, pé kò sí ìkòríta tí n kò mọ ilé oúnjẹ tó dáa níbẹ̀. Kí la débẹ̀ bá? Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá. Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ní èkejì, kò sí ohun tí ẹran kò sí nínú rẹ̀ àfi omi mímu. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ ní ẹ̀kẹta fi ṣíbí ṣa ẹran kúrò lórí ìrẹsì, ó sì tún gbé ìrẹsì kan náà padà wá bí ẹni pé a fọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní ẹja kì í ṣe ẹran, wọ́n sì bá mi jiyàn lé e lórí títí ohùn mi fi há. Ibòmíràn gbé ewé tútù wá fún wa nínú àwo ńlá, iyọ̀ lásán kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n ní ó dáa, ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti ṣẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọn ò ráhùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá sọ pé ṣebí ìwọ lo mọ ibi gbogbo, ara ì bá tù mí. Wọ́n kàn ń bó ẹ̀pà ni, wọ́n ń wo ògiri, wọ́n ń ní ìlú náà dára.

Ní ọjọ́ kẹrin, a rìn láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹsẹ̀ mi wú, ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, kí n má parọ́ kún irọ́. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé kí ló dé tí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo máa le tó báyìí. Ibẹ̀ la wà tí òórùn ẹ̀wà àti àlùbọ́sà fi fà wá wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tó ní tábìlì méje. Aláṣè ibẹ̀ ló ni ín, ọkùnrin gíga kan tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Òun ló ń sè é, òun náà ló ń gbé e fún oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi í dáadáa: ẹran ń kọ́, ẹja ń kọ́, omi ẹran ń kọ́? Mo bi í dáadáa, Ọlọ́run ń gbọ́. Ó dá mi lóhùn pé ẹran kò sí nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà òun, ṣùgbọ́n omi egungun màlúù ni òun fi sè é, pé bí ìyá kò bá ń jẹ ẹ́, kí a fún òun ní wákàtí kan, òun á fi omi lásán se òmíràn. Wákàtí kan péré. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀wà lásán ni." Mo tún yíjú sí aláṣè, mo ní ìyá ní kò séwu, kó máa bù ú bọ̀.

Wọ́n jẹ àwo kan tán, wọ́n bèèrè òmíràn, omi sì wà lójú wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fi ẹran sílẹ̀, àwọn ò jẹ ohun tó dùn tó yìí rí. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú lórí tábìlì, wọ́n ṣàdúrà fún mi, pé mo kú wàhálà àwọn. Ẹ má rò pé ó dùn mí lọ́jọ́ náà o. Inú mi dùn dọ́ba! Mo jẹ tèmi, mo lá ṣíbí, mo ní mo ti bọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ibòmíràn mọ́. Mo ní ó jìnnà, wọ́n ní àwọn á rìn ín. Mo ní ó ṣeé ṣe kó ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ká lọ wò ó. Bí a ṣe wọlé, aláṣè rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní òun ti gbé ìkòkò kékeré kan kaná lọ́tọ̀ nítorí ìyá, omi lásán, kò sí egungun, torí ọkàn òun kò balẹ̀ sí ti àná. Ẹ wo èèyàn rere. Ilẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, láìjẹ́ pé mo kàn án. Ó gbé ọbẹ̀ náà wá, ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, wọ́n sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Eléyìí kọ́. Sọ fún un pé ti àná ni mo fẹ́."

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Mo ní bóyá ẹ̀wà ló yàtọ̀. Wọ́n ní rárá, kí n sọ fún un. Mo sọ fún aláṣè pé ti àná ni ìyá fẹ́. Ó bi mí bóyá wọ́n mọ ohun tó wà nínú ti àná. Mo ní wọ́n mọ̀, wọ́n sì gbà, pé dókítà ló ní kí wọ́n máa mu omi egungun. Irọ́ tó jinná! Ọkùnrin náà wò mí, ó ní bí wọ́n ṣe ń bèèrè lánàá kò jọ ti ẹni tó gbà, pé òun á fi hàn wọ́n fúnra òun, torí òun kì í fún ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀ jẹ. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò, ó sì wọ ilé ìdáná.

Ó gbé egungun jáde nínú àwo funfun kan, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó nawọ́ sí i, ó nawọ́ sí ọbẹ̀, ó nawọ́ sí ẹnu wọn, ó wá dúró, ó ń wo ojú wọn bóyá wọ́n á mi orí. Gbogbo àwọn tó ń jẹun ti yíjú sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi wo egungun, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n bi mí pé kí ló ń sọ. Èmi nìkan ni ẹnu láàárín wọn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tú mi sílẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni:

"Ó ń fi yín ṣẹ̀sín ni. Ó ní ẹran lẹ̀ ń wá tí ẹ̀ ń díbọ́n, pé kí ẹ gbé egungun, kí ẹ máa jẹ ẹ́ bí ajá."

Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó jáde geere bí ẹni pé mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ látàná. Ẹ̀gbọ́n mi, tí aboyún máa ń ṣépè fún tí wọn kì í gbóhùn sókè, dìde dúró. Wọ́n gbá àwo náà, ó fọ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin náà ní èdè tiwa, pé ọwọ́ àwọn yìí ti gbẹ̀bí ẹgbẹ̀rún ọmọ, àwọn kò sì fi ọ̀kan nínú wọn wé ajá rí. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé egungun ń rí ìyá lára. Kò gbọ́ èdè wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣi ohùn ìbínú gbọ́. Ó wo àfọ́kù àwo, ó wá wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ó mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀. Ì bá pariwo, ì bá lé mi síta. Ó kàn tẹrí ba fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé mo rí i pé ojú ti tì í. A sì jáde.

Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n sọ ọ́ fún ẹbí, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe fi oúnjẹ ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Ẹ rántí ibi tí gbogbo ilé oúnjẹ ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un, ní ọdún kejì, kó lè dùn. Àìmọye ìgbà ni wọ́n sì gbìyànjú láti se ọbẹ̀ náà nílé. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí ni ọkùnrin burúkú yẹn tiẹ̀ ń fi sí i ná? Mo máa ń ní n kò mọ̀. Mo máa ń wá nǹkan lọ ṣe níta.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àìsàn rọpárọsẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹnu mi wọ́, n kò lè sọ ju "à, à" lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ mi. Dókítà ní kí n máa mu omi egungun kí n lè lókun. Mo rò pé wọ́n á bẹ aládùúgbò kan ni. Mo bá ń gbọ́ ìró ìkòkò ní ilé ìdáná mi, nígbà tí wọ́n sì máa wọlé, òórùn ẹran wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló sè é. Kí wọ́n tó fi ṣíbí sí mi lẹ́nu, wọ́n á sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi: omi egungun ni o, iyọ̀ díẹ̀, kò sí ata. Wọ́n á wá dúró kí n ṣẹ́jú pé mo gbà. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mò ń sunkún, wọ́n rò pé ara ló ń ro mí, wọ́n ń nu ojú mi, wọ́n ń ní pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ kú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n kú.

Ọjọ́ tí ahọ́n mi kọ́kọ́ yí, mo sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní gbogbo ọ̀sán, torí ọ̀rọ̀ kò tíì já gaara lẹ́nu mi. Wọ́n di abọ́ mú títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, ohun tí ọkùnrin náà sọ gan-an lọ́jọ́ náà. Mo ní ó ní òun kì í fún ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀ jẹ. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Ogójì ọdún ni mo fi jẹ ẹran kí n tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń dáàbò bò mí ni mo dojú tì, ìwọ lo sì jẹ́ kí n ṣe é. Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn."

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà sí aláṣè náà. Mo ní kí n bá wọn túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n gbé e fún olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè náà. Lẹ́tà ọ̀hún padà wá, àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni náà kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò mọ ibi tí mo tún ti lè wá a láti bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Wọ́n ń kí mi láàárọ̀, wọ́n ń bá mi wẹ̀, wọ́n ń na apá mi bí dókítà ṣe kọ́ wọn. Mo ti ń fi ọwọ́ òsì dáná díẹ̀díẹ̀ báyìí. Lánàá, mo se ìrẹsì pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì nínú ìkòkò tiwọn, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ọwọ́ mi. Mo ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní mo ṣeun, àwọn ti yó. Wọn kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ se tiwọn.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ gbọ́ èdè méjì, tí àwọn òbí yín ń mú lọ sí ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì láti gbẹnu sọ fún wọn, bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí wọ́n sọ, ẹ panu mọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní kí wọ́n gbàgbé. Kí wọ́n wo inú ìkòkò, kí wọ́n pe ẹlòmíràn wá tọ́ ọ wò ṣáájú wọn, mo gbà. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ oúnjẹ mi, ì báà ṣe ṣíbí kan péré.