Wọ́n Kọ Audacious Mọ́ Orúkọ Mi

[Fóònù ń dún. Ariwo ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

TÍṢÀ: Àbúrò mi, ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo wà ní kíláàsì, sọ̀rọ̀ kíá—

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n wà. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ọ̀yàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni audacious?

TÍṢÀ: Torí ẹ̀ lo ṣe pè mí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi. Ó rẹ̀ mí.

TÍṢÀ: Ẹni tó láyà ni. Tó ṣe ohun tí ẹlòmíì ò jẹ́ dán wò. Àmọ́— [ohùn ń já] Ṣé o gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: “Àmọ́” ni mo gbọ́.

TÍṢÀ: Àmọ́ ó níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Audacious plan, audacious escape, ìyìn nìyẹn. Tí ọ̀gá bá fi pe ọmọọṣẹ́, ó ń sọ pé ó kọjá àyè ẹ̀ ni. Ta ló pè ọ́ bẹ́ẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì. Wọn ò fẹnu pè mí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn ni. “Her conduct in theatre was audacious.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún lu òǹtẹ̀ lé e.

TÍṢÀ: Conduct? Ìwà ẹ ní yàrá iṣẹ́ abẹ? Háà. Ìyẹn kì í ṣe ìyìn o. Kí lo ṣe?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ka aṣọ.

TÍṢÀ: O ka kí ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Aṣọ tá a fi ń nu ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó rán ikùn èèyàn pa, a gbọ́dọ̀ kà á pé. Ogún la kó wọlé lánàá. Mọ́kàndínlógún ni mo kà. Dókítà àgbà ní àwọn fẹ́ rán an. Mo ní mi ò ní fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n á fi rán an.

TÍṢÀ: Ìwọ! Fún dókítà àgbà!

NỌ́Ọ̀SÌ: A wá inú ikùn, kò sí. A wá inú garawa, kò sí. Ogún ìṣẹ́jú. Ni mo bá ní, “Dókítà, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín sókè.”

TÍṢÀ: Yéè!

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà wọn.

TÍṢÀ: [ó ń rẹ́rìn-ín] O láyà bí ẹni gbé odó mì—

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀: ojú ti dókítà, wọ́n bá lọ fẹjọ́ mi sun ọ̀gá wa.

TÍṢÀ: Kí ni wọ́n wá fẹ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí n kọ ọ́ pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kó tó di aago méjì. Tí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ya ìwé náà. Tí mi ò bá kọ ọ́, ọjọ́ Ajé, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ káàdì ni mò ń lọ. Ọdún mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni mo mọ̀.

TÍṢÀ: Kọ ọ́ kó tán. Tọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà—

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòwe fún mi lónìí. Ẹsẹ̀ mi ti wú.

TÍṢÀ: [ohùn ń já] Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní kọ ọ́! Ọ̀rọ̀ lásán ni!

NỌ́Ọ̀SÌ: Obìnrin tá a ṣiṣẹ́ abẹ fún yẹn jí láàárọ̀ yìí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ṣé wọn ò gbàgbé nǹkan kan sínú òun, pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù nìyẹn. Mo ní rárá, èmi ni mo kà á. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀, oorun tún gbé e lọ.

[Aago ilé-ìwé ń lù.]

TÍṢÀ: Kí lo fẹ́ kọ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Pé mo kà á, kò pé. Pé bí kò bá tún pé lọ́la, mi ò ní fún wọn lábẹ́rẹ́.

TÍṢÀ: Wọ́n á gbé ẹ kúrò níbẹ̀ o.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo mọ̀.

TÍṢÀ: [ó mí kanlẹ̀] Kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣé o gbọ́ mi? Má tọrọ àforíjì kankan. Kó o wá fi orúkọ ẹ sísàlẹ̀, lódindi, kí—

[Ìpè já.]