Bùtà Bàbá Àgbà Tí Mo Gbé Lọ Sí Ààtàn

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ gbọ́ mi. Lọ́la ni Toyibat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Rauf, ń bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjokò, wá fi Kùránì búra pé òun kọ́ ló jí bùtà àlùwàlá tí bàbá àgbà fi sílẹ̀. Kó má wulẹ̀ búra. Èmi Naimat ni mo gbé e.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Sángo, ààtàn ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ wa ni mo máa ń jókòó sí, orin wákà létí, tí mo ń fi pẹ́ńsù ya ohun tí aráyé ti kọ̀: bàtà ẹsẹ̀ kan, áyọ́ọ̀nù tó ti jóná, agolo tí ọkọ̀ tẹ̀. Ayàwòrán ààtàn lẹ̀ ń pè mí. Mo gbà, ẹ ò sì rí ohun tí mò ń rí. Bùtà yẹn ti pẹ́ tó ti ń wù mí yà, pàápàá ẹnu rẹ̀ tó wọ́, èyí tí bàbá àgbà fi máa ń kan ilẹ̀kùn jí wa fún àsùbáà. Àmọ́ ohun tí èèyàn ṣì ń lò kì í dúró fún pẹ́ńsù mi, àfi èyí tó bá ti dé ààtàn. Mo gbé e lọ, mo sọ ọ́ sáàárín pàǹtí, mo yà á. Mo fẹ́ gbé e padà o! Àfi bí àwo orin tí mo fẹ́ràn jù ṣe bẹ̀rẹ̀, mo bá kẹ̀yìn sí bùtà, mo ń ya kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tó ti dá. Kí àwo orin náà tó parí, àwọn tó ń ṣa irin ti kó o lọ. Bóyá ó ti di ìkòkò ọbẹ̀ báyìí.

Nílé, ìyá àgbà figbe ta: “Ta ló gbé bùtà ọkọ mi?”

Ẹ̀gbọ́n Rauf ní, “Bóyá ó ti dá gbéra lọ Mẹ́kà.”

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Toyibat: “Ìwọ lò ń fọ̀ ọ́. Ta lo tà á fún?”

“Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò tà á!”

Mo wà ní yàrá, mò ń gbọ́. Ibi tó burú jù rèé: nígbà tí ẹkún rẹ̀ fẹ́ bo orin mi mọ́lẹ̀, mo yí orin sókè. Bó ṣe kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ òní ni mò ń lọ sí Ìjokò lọ kúnlẹ̀ fún un. Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n sọ pẹ́ńsù nù, n ò ní sọ ọ́ nù. Kì í ṣe pẹ́ńsù ló ba Toyibat lórúkọ jẹ́, ẹnu tí mo pa mọ́ ni. Àwòrán bùtà náà rèé, ẹ gbé e kọ́ tàbí kí ẹ fà á ya.

Bó bá sì jẹ́ dandan kí ẹnì kan fọwọ́ lé Kùránì lọ́la, ọwọ́ tèmi nìyí. Mo ti ṣe àlùwàlá. Dúdú pẹ́ńsù ò lọ lọ́wọ́ mi.