Àdín Tí Mo Sẹ́ Títí Ó Fi Mọ́

Haneefah ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ọwọ́ mi ò lè di bírò mú mọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Fàtáì, àti gbogbo ẹ̀yin aládùúgbò wa n'Ìwó níbí, ẹ gbọ́: Kafilat kọ́ ló pa ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èmi Ràhámọ̀tù tó ń ta àdín ni.

Ẹ mọ àdín mi. Ẹni tí orúnkún ń dùn á fi pa á, á sì rìn lọ kírun. Ẹ ní ọwọ́ mi ní àlùbáríkà. Irọ́ ni! Igbó ni, igbó tí àwọn ọmọ ìta ń fà. Mo ń fa òróró rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìborùn tí mo fi ń kírun ni mo sì fi ń sẹ́ ẹ, léraléra, títí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ á fi pòórá sínú àdín. Inú mi a máa dùn bó bá ti mọ́. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀! Mo sẹ́ ẹ títí kò fi sẹ́ni tó lè dá a mọ̀.

Kafilat, ìyá Fàtáì, ọ̀rẹ́ mi láti ilé kéú, gba ìgò kan fún orúnkún rẹ̀. N ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí gìrì mú Humairah, ọmọ Fàtáì, ohun tí gbogbo ìyá àgbà ń ṣe ló ṣe: ó rọ àdín sí i lẹ́nu. Ọmọ ọdún kan! Ó sùn, wọn ò rí i jí.

Fàtáì ní kí n wá sí ọsibítù. Dókítà bi mí pé, "Ìyá, kí ló wà nínú àdín yìí? Ẹ tètè sọ, ọmọ ṣì ń mí."

Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí. Mo ní, "Wàláhì, àdín lásán ni." Ọmọ ṣì ń mí, mo sì búra! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Fàtáì yíjú sí ìyá rẹ̀: "Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ má wọlé mi mọ́." Mo wà níbẹ̀, mo ń bá wọn sunkún.

Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà rèé tí Kafilat ti wà nílùú Kuta. Ó wá kí mi lánàá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ràhámọ̀tù, ṣé Ọlọ́run á foríjì mí báyìí?" Èmi ló ń bi! Mo sì la ẹnu yìí, mo ní, "Á foríjì ọ́."

Haneefah, má sunkún, kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Fàtáì, n ò ní kí o foríjì mí. Lọ sí Kuta lónìí, dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, kí o sì mú wọn wálé.