Wákàtí Tí Mo Yí Padà Mọ́ Seowol Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò mí láti ọdún méje yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lónìí, mi ò ní ka àyànmọ́ ẹnikẹ́ni fún yín. Ara mi ni mo fẹ́ tú síta. Lọ́túnla ni àwọn dókítà máa la àyà mi, wọ́n sì ti sọ fún mi láìfi epo bọyọ̀ pé àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kó má jí mọ́. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni pé kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, kí ọmọ ọlọ́mọ sì máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri ayé. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Ó ti pẹ́ jù nínú mi, ó sì ti ń rà.

Maeng Sun-deok lorúkọ mi. Saju ni mo fi gbogbo ayé mi kà. Ẹ mú ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí yín wá, òpó mẹ́rin yín nìyẹn. Ọdún kọ̀ọ̀kan àti wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ní ẹranko tí à ń fi pè é. Màá wo igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi tó wà nínú wọn, màá wo èyí tó pọ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n, màá sì sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní Seoul. Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ń wá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣèdánwò ń wá, abiyamọ tó fẹ́ kí n bá òun yan orúkọ ọmọ ń wá. Nígbà tó yá, gbogbo wọn wọ inú fóònù lọ. Màá se tíì ọkà báálì láàárọ̀, màá dà á nù nírọ̀lẹ́, ẹnì kan ò ní ṣílẹ̀kùn. Bo-yeong, ọmọ àbúrò mi obìnrin, wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹni tó bá ń jókòó de oníbàárà láyé ìsinsìnyí, eruku ló ń dè. Àwọn ọmọdé fẹ́ mọ ìwà àwọn olórin tí wọ́n ń kú lé lórí. Ẹ máa ka tiwọn, èmi á máa ya yín ní fídíò." Mo ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin lẹ́nu arúgbó?" Ó ní, "Ẹ wọ hanbok yín, aṣọ ìbílẹ̀ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa mí kanlẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbọ́." Òótọ́ ló sọ. Kí ọdún tó yí po, àwọn èèyàn tó ń wò mí ti pọ̀ ju gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i. Mo wá dà bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n dáwọ́ dúró.

Ní ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ Seowol délẹ̀. Pyo Seowol wà nínú ẹgbẹ́ olórin obìnrin márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Onsaem. Ẹ̀yin tó mọ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe gbayì tó nígbà yẹn. Lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan, àwọn èèyàn rí i pé Seowol gbójú kúrò nígbà tí olórí wọn ń sọ̀rọ̀, ojú kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ó tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló ń ba ẹgbẹ́ náà jẹ́, wọ́n ní kí n ka òpó Seowol fún wọn. Gbogbo ayé mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò mọ wákàtí rẹ̀, nítorí kò sọ ọ́ síta rí.

Èmi mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú ìgbà náà, obìnrin kan tó ń gbé lókè àdúgbò wa pọn ọmọ jòjòló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n yan orúkọ tó bá òpó ọmọ náà mu. Èmi ni mo yan Seowol. Èmi ni mo kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé fún un, aago mẹ́jọ àárọ̀, wákàtí Dírágónì, mo sì lu òǹtẹ̀ pupa mi sí i. Mo rántí pé mo sọ fún obìnrin náà pé, "Ọdún Eku ni wọ́n bí i, Eku àti Dírágónì sì máa ń di ọwọ́ ara wọn mú ni. Omi tó ń kó omi jọ lọmọ yìí. Ibi tó bá wà, àwọn èèyàn á rẹ́ níbẹ̀." Inú obìnrin náà dùn débi pé ó sunkún.

Mo sọ èyí fún Bo-yeong. Ó yọ ṣùtì. "Àǹtí, èyí ò ní rìn. Ọmọ dáadáa, onísùúrù, ẹni tó ń pa èèyàn pọ̀. Ta ló fẹ́ fi àkókò rẹ̀ gbọ́ ìyẹn? Tó bá jẹ́ wákàtí mìíràn ni wọ́n bí i ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?" Ó yẹ kí n lé e síta. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe á lé e síta. Èmi mú bírò. Mo yọ Dírágónì kúrò, mo fi Ẹṣin síbẹ̀, wákàtí ọ̀sán gangan, nítorí pé Eku àti Ẹṣin kì í bára wọn gbé. Mo jókòó síwájú kámẹ́rà, mo mí kanlẹ̀, mo ní mo ti ṣèwádìí wákàtí náà fún oṣù mẹ́ta. Mo ní, "Ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín lójú, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ilé tó bá wọ̀ ni yóò tú. Bí wọn ò bá tètè yà á sọ́tọ̀, Onsaem á fọ́ kí ọdún méjì tó pé." Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ pín in fún ara yín, ẹ gbà á gbọ́. Mi ò dá yín lẹ́bi. Èmi ni mo pa irọ́ náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn ń pariwo "Ẹṣin! Jáde!" mọ́ ọmọbìnrin náà ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n gbé òdòdó òkú ránṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn mẹ́rin yòókù fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn àti òun bí wọ́n ṣe dúró. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gbádùn oorun mọ́.  Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ yọjú wò ó lójú fèrèsé. Ìwé kan wà níbì kan tí òǹtẹ̀ mi wà lára rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ìyá Seowol ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ti kó lọ sí ìlú Gunsan, ó ń ṣe àkàrà ìrẹsì tà níbẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí mi? Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ mi lórúkọ." Mo ní mi ò rántí. "Lábẹ́ afárá, Màmá. Mo pọn ọ́n wá. Ẹ kọ aago mẹ́jọ àárọ̀ sílẹ̀ fún mi." Mo ní, "Ìyá ọmọ, èèyàn tí mo sọ lọ́mọ lórúkọ pọ̀ ju irun orí mi lọ." Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Mi ò bá yín jà. Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn pé ẹ ṣì í kà. Èèyàn máa ń ṣìṣe." Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún mi! "Mo ṣì í kà" péré. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ọmọbìnrin kan wọlé tó dé fìlà, tó sì fi ìbòmú bo ojú. Ó tẹrí ba dáadáa. Ó yọ ìbòmú. Seowol ni. Ó ti rù. Ó mú ìwé kan tó ti pọ́n jáde nínú báàgì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú mi. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" Ìwé mi ni, òǹtẹ̀ mi ni. Mi ò rí ọ̀nà sá. Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Màmá mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lòún bí mi. Ẹ̀yin ní ọ̀sán gangan ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí wa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n, mo sì dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ariwo náà fún mi láyè láti ronú. Ìrònú burúkú ni. Bí mo bá gbà, wọ́n á fọ́ mi bí ẹyin. Gbogbo ẹni tó ń wò mí á di ẹni tó ń bú mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ ló bẹ̀ mí. Ọ̀sán gangan ló bí ọ. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó kúnlẹ̀ síbi tí o jókòó sí yìí, ó ní kí n kọ wákàtí mìíràn síwèé kí ayé má bàa kọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kọ ọ́."

Ó ń wò mí. "Màmá mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ohun tí ìyá ò lè ṣe nítorí ọmọ." Òótọ́ ni mo fi pa irọ́ náà láró, kó lè mú un.

"Ó mọ̀? Ó mọ̀, ó wá jẹ́ kí n wọ inú ẹgbẹ́ yẹn? Kí n wá ba ayé àwọn mẹ́rin jẹ́?" Mo mí kanlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú kámẹ́rà.  Ó nu ojú rẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí màá gbé dọ́run: "Tí mo bá jáde, ṣé ó máa dáa fún àwọn yòókù?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Kò bi mí pé kí ló máa gbẹ̀yìn òun. Àwọn tó ń yẹra fún un lórí ìtàgé ló ń rò. Ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló jókòó síwájú mi yẹn, ojú mi sì rí i kedere. Mo ní, "Á dáa fún wọn." Mo tún ní, "Fi ìwé yìí sílẹ̀ fún mi. Kò dáa kéèyàn máa gbé irọ́ kiri, á fa ibi." Ó fi í sílẹ̀. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó dé òpin òpópónà, mo ti tan gáàsì, mo ti jó o.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó fi Onsaem sílẹ̀. Ẹ rò pé ẹnikẹ́ni bú mi? Wọ́n yìn mí ni. Bo-yeong ya fídíò mìíràn, ó pè é ní "Ó ṣẹ!" Àwọn èèyàn tò láti ẹnu ilẹ̀kùn mi títí kọjá afárá. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní aríran, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbóòórùn ìwé tó jó lára aṣọ mi. Ẹgbẹ́ náà sì fọ́ kí ọdún méjì tó pé, nítorí pé ẹni tó ń pa wọ́n pọ̀ ti lọ. Ìyẹn náà, wọ́n kà á mọ́ ọgbọ́n mi.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn dókítà sọ̀rọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Gunsan. Ìyá Seowol ń gé àkàrà ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò dáwọ́ gígé dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Nítorí ìyẹn ló ṣe sọ fún mi pé kí n má pe òun mọ́." Ó ní ọmọ náà wà ní erékùṣù Jeju, ó ń bá wọn ká ọsàn lóko. Ó ní òun máa ń fi kimchi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ àti ata wa, ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì máa ń padà wá bí òun ṣe dì í. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí." Ó gbójú sókè nígbà àkọ́kọ́. "Ọdún kẹfà rèé, Màmá. Mi ò ní ìdáríjì nílé báyìí. Ẹ lọ sọ ọ́ síbi tí ẹ ti pa irọ́ náà. Bó bá dé etí rẹ̀, ẹ padà wá, ká wo ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi."

Ìdí tí mo fi jókòó síbí nìyẹn. Mo mọ̀ pé Bo-yeong ń pè mí láti àárọ̀, mi ò gbé e. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wò mí, ẹ má fi ọjọ́ ìbí olórin kan lé àlejò lọ́wọ́ kó fi dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn, ẹ wo ohun tó ń béèrè nígbà tí ìyà ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé òdòdó òkú lọ, ẹ gbé ẹjọ́ yín wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀bi tiwa ni, kì í ṣe ti ọmọ yẹn.

Seowol, bí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n bí ọ. Ìyá rẹ ò bẹ̀ mí. Kò kúnlẹ̀ fún mi. Kò purọ́ fún ọ rí. Èmi ni. O lè gégùn-ún fún mi, mo máa gbà á, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró dìgbà mìíràn. Pe ìyá rẹ ná.