Ìwé Pàṣípààrọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó Moto Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti pè mí wá jẹ́rìí ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Pápá ọkọ̀ òfúrufú Ouagadougou níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gba ẹrù àwọn èrò. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ṣe gbà kí ẹni méjì ṣe pàṣípààrọ̀ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì á fọwọ́ síwèé, ọ̀gá á lu òǹtẹ̀ sí i. Bí òǹtẹ̀ ò bá sí, ẹni tó ni iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa jẹ́jọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá wá.

Silifa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Hamdalaye, bẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀. Kí n bá òun ṣe Jímọ̀, òun á bá mi ṣe Àìkú. A fọwọ́ síwèé, mo ní màá mú un lọ sí bureau, ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo tì í sábẹ́ ìjókòó moto mi, alùpùpù tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. N ò gbèrò ibi, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbàgbé ìwé, mo tún gbàgbé Jímọ̀ fúnra rẹ̀.

Aṣọ ni mo ń fọ̀ nílé ní Cissin nígbà tí ọ̀gá pè. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ Silifa?"

Mo ti gba ìwé ìkìlọ̀ méjì. Ẹ̀kẹta, ilé ló kàn. Mo ní, "Rárá o, chef. N ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Wọ́n ṣì ń dán Silifa wò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n lé e. Nígbà tó sunkún wá bá mi, mo ní mo fún ọ̀gá níwèé, pé ọ̀gá ní òun ò gbà, pé òun á sọ fún Silifa fúnra òun. Ó gbà mí gbọ́. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Silifa ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́, ó fẹ́ kí n wá búra lójú wọn pé ọ̀gá gbàwé lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà le, ṣùgbọ́n kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá sì sọ òótọ́, iṣẹ́ mi lọ, ọdún mẹ́ta péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Lánàá, mo bá Silifa ní Paspanga, níbi tó ti ń bá wọn ta bàtà báyìí. Mo fi moto gbé e délé.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀, ó ní, "Tantie, barka. Vraiment, lóòótọ́ ni, ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? N ò tíì lè fa ìwé náà ya. Abẹ́ ìjókòó ló ṣì wà; orí ìwé náà ni Silifa jókòó sí títí a fi délé.