Èmi Nìkan Ni Mo Ní Abọ́ Omi

Rájí, jókòó. Mo mọ̀ pé o fẹ́ wọlé lọ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n dókítà ní ká dúró síta títí òun yóò fi pè wá. Ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́, mo ti sọ fún un kí o tó dé, abẹ́rẹ́ sì ti wọ ara Mùtíátù. Èyí tó kù, ìwọ àti ẹbí yín ní Ṣakété lẹ ni ín. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé e kiri nínú ikùn mi. Bí mi ò bá sọ ọ́ lórí bẹ́ńṣì yìí lọ́sàn-án òní, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé, nítorí mo mọ ara mi. Jọ̀ọ́, má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá dánu dúró, irọ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ padà.

Kì í ṣe ibà ló pa Kúbúrá ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi Oyèníkẹ́ ni mo pa á.

Jókòó, mo bẹ̀ ọ́. O mọ ilé iṣẹ́ wa ní Agblangandan, o sì ti fi ọkọ̀ rẹ bá wa kó ẹrù lọ síbẹ̀ rí. Òfì ìyá ìyá mi ni mo gbé wá láti Pobè. Kíjìpá ni màmá náà fi ń hun, ṣùgbọ́n èmi ò wá òwú kiri. Àpò ìrẹsì, àpò àlùbọ́sà, àpò ṣúgà, gbogbo èyí tí àwọn ọlọ́jà Dantokpa ń jù sí etí ọ̀sà, la máa ń ṣà. A ó fọ̀ wọ́n, a ó tú wọn ní fọ́nrán-fọ́nrán, a ó sì fi wọ́n hun aṣọ ńlá tí ẹja àti ẹyẹ wà lára rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rí ohun tí wọ́n ń fi ìdọ̀tí pa. Iṣẹ́ rere ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé iṣẹ́ rere ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn fún mi láti fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ta ló máa fura sí obìnrin tó ń kó ìdọ̀tí kúrò lójú omi?

Ohun kan wà tó yẹ kó yé ọ dáadáa. Fọ́nrán àpò kì í ṣe òwú. Bí o bá gé e, orí rẹ̀ á fọ́n ká, kò ní wọ ibi tó yẹ kó wọ̀ lára òfì. Nítorí náà, a máa ń fi orí rẹ̀ sẹ́nu, a ó fi itọ́ rin ín, a ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè mú ṣóńṣó. Bí ìyá ìyá mi ṣe ń ṣe sí òwú rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn obìnrin mi. Kúbúrá ló yára jù nínú wa. Bó bá jókòó ti òfì, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà: ọwọ́ sẹ́nu, ọwọ́ sófì, láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Á tún máa bá wa ṣàwàdà láàárín, fọ́nrán á sì máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé àfihàn kan létí òkun ránṣẹ́ sí wa pé ká wá gbé iṣẹ́ kan kọ́ sí gbọ̀ngàn wọn. Inú mi dùn dé ibi tí kò yẹ. Mo pinnu láti hun ọ̀sà bó ṣe rí nígbà tí mo dé Kùtọnú lọ́mọdébìnrin, nígbà tí àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń rìn nínú omi ṣì tò létí rẹ̀. Àwọ̀ ewé la nílò. Àpò ìrẹsì funfun, ti àlùbọ́sà pupa, kò sì sí èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé tó tó nǹkan. Olúwatóyìn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, ní ká pa á láró. Mo bínú sí i, nítorí mo ti ń fọ́nnu káàkiri pé àwa kì í kun nǹkan kan, bí a bá ṣe bá ìdọ̀tí la ṣe ń hun ún. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ni, ìyá Mùtíátù ì bá wà lórí bẹ́ńṣì yìí pẹ̀lú wa.

Ṣẹ̀ríìfù awakọ̀, tó ń kó òwú bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, ló mú àpò náà wá. Mo ti ń dà á láàmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé kó bá mi wá àwọ̀ ewé. Ó tú ìdì náà sílẹ̀ níwájú mi, àwọ̀ rẹ̀ sì dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Ṣẹ̀ríìfù kò tàn mí. Ó ní: "Ìyá Ọlámidé, oògùn kòkòrò ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Wọ́n ní ká sun ún ni. Ẹ kàn wò ó, kẹ́ ẹ sọ irú àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi." Mo ní kó fi sílẹ̀ kí n máa wò ó. Àwòrán agbárí àti orúkọ oògùn náà wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo fi àlùmọ́gàjí gé àwọn agbárí àti orúkọ náà kúrò, mo sì fi wọ́n dáná. Nígbà tí àwọn obìnrin mi dé, mo sọ fún wọn pé àpò oúnjẹ adìyẹ ni.

Mo fọ ìdì àkọ́kọ́. Inú ọ̀sà ni mo ti fọ̀ ọ́, Rájí, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa, níbi tí omi ti dúró sójú kan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹja kéékèèké ti léfòó, wọ́n yíkùn funfun sókè láti etí omi wa títí dé ibi táwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Ariwo gba àdúgbò. Oníròyìn rédíò kan dé, ta ni wọ́n sì ní kó bá sọ̀rọ̀ bí kò ṣe èmi? Mo dúró láàárín ẹja tí mo pa, mo sì bú àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú omi. Mo sọ ọ́ débi pé ohùn mi há. Omijé gba ojú Kúbúrá. Ó ní, "Ọlọ́run á tú àṣírí ẹni tó ṣe èyí." Gbogbo wọn ṣàmín, èmi náà sì ṣàmín.

Ṣé o rò pé ẹ̀rù yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n? Ohun tó kọ́ mi ni pé kí n má fọ èyí tó kù, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Mo fi ìgbálẹ̀ gbọn wọ́n lẹ́yìn ilé, eruku rẹ̀ mú mi sín, mo sì kó wọn fún Kúbúrá, nítorí òun ló ń hun àwọn igi inú aṣọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi ti gbé abọ́ omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi. Inú abọ́ náà ni mo ti ń rin orí fọ́nrán tèmi. Wọ́n bi mí ohun tó dé. Mo ní eyín ló ń dùn mí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ mú kànáfùrù wá fún mi nínú bébà. Ó ní kí n fi há ibi tó ń dùn mí, pé oògùn ìyá yín ni. Mo fi kànáfùrù há eyín tí kò ṣe nǹkan kan, mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń fi fọ́nrán àwọ̀ ewé sẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí tí mi ò fi lè kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ. Ǹ bá tiẹ̀ gbé abọ́ omi kan fún un láì sọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé yóò béèrè. Rájí, ẹ̀rù ìbéèrè lásán ni mo fi jẹ́ kó máa bá a lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ tó kọ̀. Òógùn kọ́kọ́ ń bò ó nígbà tí ara tiwa tutù. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti di ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ojú òun ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí òfì. Ní Ọjọ́rú ó ṣubú. Èmi ni mo gbé e wá síbí, sí iyàrá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yìí gan-an. Dókítà yìí kan náà ló gbà á. Ó fi iná wo ojú rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní: "Ìyá, ẹ rò ó dáadáa. Ṣé ó fọwọ́ kan oògùn kòkòrò kankan níbi iṣẹ́ yín?"

Ohun tí mo rò nìyí, kò sì sí èyí tí màá yọ kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò ṣí gbọ̀ngàn náà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò sun aṣọ náà. Mo rántí ẹja, mo rántí ohun tí mo sọ lórí rédíò. Kúbúrá wà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín èmi àti dókítà, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Mo ní, "Rárá o, Dókítà. Àpò ìrẹsì nìkan la fi ń ṣiṣẹ́."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún ní rárá.

Ibà ni wọ́n wá tọ́jú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Kúbúrá fà mí lọ́wọ́, mo sì tẹ etí sílẹ̀, mo rò pé ó ti mọ̀. Ohun tó sọ ni pé: "Etí aṣọ yẹn ló kù. Jẹ́ kí Mùtíátù bá mi parí ẹ̀. Eyín tó ń dùn ẹ́ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ́ọ̀. Ìwọ lo fi ọkọ̀ rẹ gbé e lọ sí Ṣakété, èmi ni mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, o sì ń bẹ̀ mí lójú ọ̀nà pé kí n má sunkún mọ́.

Wọ́n gbé aṣọ náà kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn èèyàn dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní ṣe ni àwọ̀ ewé yẹn ń mí. Mo fi orúkọ Kúbúrá pè é, gbogbo yín sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àpò tó ṣẹ́ kù, mo so wọ́n pọ̀ sẹ́yìn àpótí. Mo ní màá sun wọ́n. Nígbà tó yá mi ò sun wọ́n mọ́, nítorí àwọ̀ náà ṣì wù mí. Bí mo ṣe burú tó nìyẹn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Mùtíátù? O mọ̀ pé ilé ìwé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ekpè tọrọ aṣọ ìyá rẹ̀, mo sì gbà, mo ń tan ara mi pé oògùn ara rẹ̀ á ti ṣá láàárín ọdún méjì. Etí rẹ̀ ti gbó. Mo lọ fún ìkórè ìjọ wa ní Pobè láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo sì sọ fún un pé kó fi àpò funfun dí i. Mi ò rò pé ó lè tú ẹ̀yìn àpótí. Ìgbà tí mo dé láàárọ̀ yìí, ó wà nídìí òfì, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, fọ́nrán àwọ̀ ewé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀. Ó ní: "Tántì, mo ti rí irú ti Màmá gan-an. Mo ti tún etí ẹ̀ ṣe, wọ́n sì ti gbé e lọ kọ́ lánàá. Mo wá ń hun kékeré kan fún ara mi. Mi ò lo abọ́ omi yín o, ẹnu ni mo fi ṣe gbogbo ẹ̀, bí Màmá ṣe máa ń ṣe."

Mo gbá a lọ́wọ́, fọ́nrán náà já bọ́. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni mo ṣe, Tántì?" Kí n tó dá a lóhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

Dókítà fi iná wo ojú rẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Mi ò jẹ́ kó béèrè tán. Mo sọ orúkọ tó wà lára àpò náà fún un, mi ò gbàgbé rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti gé e kúrò. Ó pariwo pe nọ́ọ̀sì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri, ó mú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tó gún un tán, ó jáde bá mi níbí, ó ní ìgbà wo ni mo ti mọ̀ pé oògùn wà lára àpò yẹn. Mo ní ọdún méjì. Mo rí i pé ó ti rántí mi. Ó ní kò tíì lè sọ bóyá ọmọ náà á là á já, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó mọ̀. Ó wá ní: "Abẹ́rẹ́ yìí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ tí ẹ gbé ìyá rẹ̀ wá."

Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ti Ọlọ́run, màá máa bẹ̀ ẹ́ títí màá fi kú, ti Mùtíátù sì ń bẹ níwájú bó bá jí. Mi ò ní sá. Bí o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, orí bẹ́ńṣì yìí ni wọn yóò bá mi. Ṣùgbọ́n lọ sí Ekpè ná. Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Aṣọ náà wálẹ̀ dé ibi tí orí àwọn ọmọ mọ, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kì í sì rí etí aṣọ kó má fi sẹ́nu. Kó o má fọ̀ ọ́, kó o má jù ú sómi. Wé ọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o gbé e wá fún dókítà. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ta okùn tí wọ́n fi gbé e kọ́ ní kókó, ó le. Mo sì ti rí bó o ṣe máa ń tú okùn ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Rájí, mú ọ̀bẹ dání. Má fi eyín tú u.